Àtẹ́rígbà Túkù

Nígbà tí orí mi ṣì le ju ògiri lọ… ẹ má rẹ́rìn-ín, orí mi le lóòótọ́… nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo lè gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé èjìká ọ̀tún kí n gbé òmíràn lé ti òsì, ọ̀dọ̀ àwọn Dòrókó ni mo ń gbé, ní Anoumabo, ní Abidjan níbí.

Ràmá, ṣé fóònù yẹn ń gbọ́ mi? Sún un mọ́ mi. Sọ fún bíríkìlà tí o mú wá yẹn kó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ ná. Kó jókòó. Ẹ fún un lómi. Mi ò lé e o. Mo ní kó jókòó ni.

Ẹ fẹ́ gbé ẹnu-ọ̀nà yàrá mi sókè. Ẹ ní ó ti kúrú jù, ẹ ní ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, lọ́jọ́ kan n ó bẹ̀rẹ̀ wọlé, n kò ní lè nàró mọ́. Ràmá ní ó jẹ́ dánjẹrẹ̀, ewu ni. Ó dáa. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ọmọ-ọmọ tí kò bá fẹ́ràn bàbá àgbà rẹ̀ kò ní fi ọjọ́ ìsinmi wá bíríkìlà kiri gbogbo Treichville. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí kan náà ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo gbé ẹnu-ọ̀nà Túkù sókè. Ìfẹ́ náà ni mo fi pa ẹni tó wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ tán, tí ẹ bá ṣì fẹ́ fọ́ ẹnu-ọ̀nà yìí, ẹ fọ́ ọ. Mi ò ní jà.

Ẹ̀yin ò mọ Dòrókó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lónìí, ẹ ó ní aràrá ni. Kì í ṣe aràrá. Aràrá ni ẹni kúkúrú tí wọ́n bí sáàárín àwọn tó ga. Dòrókó, ìran ni wọ́n. Baba kúrú, ìyá kúrú, baba ńlá tó bí wọn kúrú. Èyí tó ga jù nínú wọn, ìbàdí mi ló dé. Àmọ́ àyà wọn fẹ̀! Bí wọ́n bá di ọwọ́ rẹ mú, o ó mọ̀ pé ẹnìkan dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Irùngbọ̀n ọkùnrin wọn gùn. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ́ irin, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á so ó sẹ́yìn ọrùn, kí iná má baà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọ́n á ṣa alumí àtijọ́ jọ, ara ọkọ̀ tó ti kú, abọ́ tó ti jò, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú yanrìn, á di ìkòkò. Ìkòkò tí ìyá àgbà yín fi ń se ìrẹsì títí tó fi kú, ọwọ́ wọn ló ti wá.

Níbo ni wọ́n ti wá? Wọ́n ní abẹ́ òkè kan lápá àríwá ni. Wọ́n ní iná wà lábẹ́ òkè náà, ó kú, ni wọ́n bá dìde, wọ́n ń wá iná kiri. Àwọn Ebrié tó ni Anoumabo ló fún wọn nílẹ̀ létí ọ̀sà.

Èmi náà ńkọ́? Kí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn? Oríkunkun ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú mi wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Adjamé, pé kí n wá máa ta aṣọ. Mo ní mi ò ta aṣọ. Mo ní ilé ni mo fẹ́ máa kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "O rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Abidjan kí o lè wá po amọ̀? Jáde nílé mi." Mo jáde. Ẹni tó bá ní kí n jáde, ṣé n ó tún bẹ̀ ẹ́ ni?

Mo rìn títí mo fi dé iwájú ilé Túkù. Ó jókòó ti iná rẹ̀, ó ń fi igi ro irin yíyọ́. Mo dúró lórí rẹ̀, mo kí i ní Jùlá, torí Jùlá ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa nígbà náà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá wà? Kò dáhùn. Mo tún un wí. Kò dáhùn. Mo pariwo. Ni ìyàwó rẹ̀ bá yọjú láti inú ilé. Mánì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ìwọ òpó iná yìí! Ọ̀rọ̀ tó bá ti òkè wá, òjò ni. Ta ló ń dá òjò lóhùn?"

Mo jókòó sínú eérú. Ojú ẹsẹ̀ ni Túkù yíjú sí mi. Ó ní, "Káàsán o, ọmọ mi. Yàrá wà. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ gbọ́, àṣà wọn nìyẹn. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ojú ṣe déédéé ojú, kí ẹnu tó sọ̀rọ̀. Bí o bá ti jókòó, o ti bọ̀wọ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Túkù lásán, kì í ṣe àrífín. Lónìí ńkọ́? Ọmọ á dúró lé mi lórí, á fi fóònù sétí, á ní, "Vié, arúgbó, báwo?" Ṣé mo máa ń dáhùn? Ẹ ti lọ ń sọ kiri pé etí mi ti di. Etí mi ò di. Òjò ni.

Mo gbé ọ̀dọ̀ wọn ọdún méjì. Mo rí nǹkan. Ìkòkò tuntun, wọn kì í gbé e lọ sọ́jà títí wọ́n á fi se oúnjẹ kan nínú rẹ̀, tí wọ́n á gbé e fún aládùúgbò. Túkù á ní ìkòkò tí kò tíì bọ́ ẹnikẹ́ni, irin tó nihò ni. Èmi ni aládùúgbò tó súnmọ́ jù. Ẹ ò rí i bí mo ṣe sanra!

Bí wọ́n bá sì bímọ… èyí ni mo fẹ́ràn jù… bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà sínú yanrìn, wọ́n á da irin yíyọ́ sí ojú ẹsẹ̀ náà. Ràmá, ojú wo lo fi ń wò mí yẹn? Wọ́n á gbé ọmọ kúrò kí wọ́n tó da irin o! Ẹsẹ̀ irin kékeré náà, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, ìyá rẹ̀ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á gbé e fún àwọn àna. Á ní, "Ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín rèé. Bó ti kéré tó nìyí nígbà tí a gbà á. Ẹ má jẹ́ kó kọ." Wọn kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnu-ọ̀nà wọn ló ń bí mi nínú. Ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fúnra wọn fi ń tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé. Èmi ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mo ń fi orí kọ àtẹ́rígbà. Igi ìrókò ni àtẹ́rígbà náà, baba baba Túkù ló gbé e wá. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán, torí òróró gbogbo orí tó ti kàn án. Lójú tèmi, òṣì ló fà á. Mo ní ẹni rere yìí kò rí ẹni bá a kọ́ ẹnu-ọ̀nà tó dáa. Ṣé mo bi wọ́n léèrè? Mi ò béèrè. Bíríkìlà ni mí. Kí ni n ó tún bi ẹni tó ń ṣe ìkòkò léèrè nípa ilẹ̀kùn?

Ọmọbìnrin wọn bímọ ní Bingerville. Túkù di yanrìn sínú àpò, ó fẹ́ lọ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òun àti Mánì wọ ọkọ̀, wọ́n ní àwọn á dé lọ́jọ́ kẹta. Bí wọ́n ti lọ báyìí, mo gbé irinṣẹ́ mi. Mo ní n ó fi ayọ̀ pàdé wọn. Mo yọ àtẹ́rígbà yẹn. Mo gbé e fún Mama Affoué tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ní igi àtijọ́ ni, kó fi dáná. Mo gbé ẹnu-ọ̀nà sókè, mo rẹ́ ẹ, mo fi ọ̀dà aró kùn ún. Ó ga! Mo wọlé lóòró, mo jáde lóòró. Mo tún wọlé. Inú mi dùn bí ọmọdé tó wọ bàtà tuntun.

Ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán, obìnrin Dòrókó kan ń kọjá. Ó rí ẹnu-ọ̀nà. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Kò pẹ́, àwọn méjì dé. Lẹ́yìn náà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tú ìgbànú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níwájú ilé, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ilé. Èmi rò pé wọ́n wá wo iṣẹ́ mi ni. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ń rìn láàárín wọn, mo ní, "Ó dáa, àbí? Ẹ wò ó, ó dáa."

Ìyá Kòlí, àgbà obìnrin wọn, ló nawọ́ fa ṣòkòtò mi. Mo jókòó. Ó ní, "Ọmọ gíga, níbo ló kú sí?"

Mo ní, "Ta ló kú?"

Ó ní, "Túkù."

Mo ní, "Túkù wà ní Bingerville, ó ń jẹ oúnjẹ ọmọ tuntun."

Ó wo ẹnu-ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi, ọ̀dà aró ṣì wà ní èékánná. Ó ní, "Háà… Ìwọ ni."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò béèrè lọ́dún méjì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Dòrókó ní ilé ni àgbà, ènìyàn ni ọmọdé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, o ó máa tẹrí ba wọ ilé rẹ, bí o tilẹ̀ lówó bí òkun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé ń dìde fún onílé, ọjọ́ tó bá kú. Wọ́n á gbé ẹnu-ọ̀nà sókè, wọ́n á so òkú mọ́ pátákó, wọ́n á gbé e jáde lóòró. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kó nàró. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tó." Ẹni tí wọ́n bá ti gbé ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ sókè, ó ti jáde nìyẹn. Kò tún gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò náà, ẹnikẹ́ni ò kú. Báwo ni n bá ti ṣe mọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Túkù àti Mánì dé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n rí èrò. Wọ́n rí ìgbànú ọ̀fọ̀ nílẹ̀. Wọ́n rí ẹnu-ọ̀nà. Mánì di apá ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé ọwọ́ kejì lé e lójú, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà ló fi í sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀… torí opó kì í di ọkọ tó kú mú.

Túkù jókòó. Ó ní, "Ta ló gbé mi jáde?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ rò pé mo bẹ̀ ẹ́? Orí tí mo ní kí ẹ má fi rẹ́rìn-ín, òun ló gbé mi dìde. Mo dúró, mo ní, "Ilẹ̀kùn lásán ni! Ilé yín ni, ẹ wọlé! Mo ṣe yín lóore, ẹ ń sunkún?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òjò ni mo ń rọ̀.

Túkù lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tí àdán ń so rọ̀ sí. Ibẹ̀ ló sùn. Òjò gidi rọ̀ ní ọjọ́ kejì, kò wọlé. Mánì náà kò wọlé. Ó jókòó lábẹ́ igi kan náà, ó kẹ̀yìn sí i, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Opó kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ òkú, kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn ń dáná. Bí oúnjẹ bá jinná, á gbé e sáàárín wọn, á ní, "Ìkòkò, sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé oúnjẹ ti délẹ̀." Túkù á ní, "Ìkòkò, sọ fún ẹni tó sè é pé iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú." Mánì á ní, "Ìkòkò, bi í bóyá òtútù ń mú un." Túkù á ní, "Ìkòkò, ẹ̀yìn mi kò tutù. Ẹnìkan wà níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó nínú ilé gíga tí mo ṣe, èmi nìkan, mo ń gbọ́ wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn, ara mi ò gbà á mọ́. Mo jáde. Mo wólẹ̀ níwájú Ìyá Kòlí, gbogbo gíga mi, mo nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Kí ni n ó ṣe?"

Ó ní, "Ọwọ́ tó gbé e sókè ni kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Igi tó wà níbẹ̀ ni kó padà síbẹ̀. Òmíràn kò mọ orí wa."

Igi! Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Mama Affoué. Ó jókòó ti ẹja rẹ̀. Mo ní, "Mama, igi ọjọ́sí dà?" Ó ní, "Háà, igi yẹn le bí orí rẹ. Mo là á sí méjì, mo jó ìlàjì. Ìlàjì yòókù ni mo jókòó lé yìí." Mo bẹ̀ ẹ́ dìde bí ẹni ń bẹ ọba. Mo gbé ìlàjì igi náà mọ́ àyà, mo ń sunkún lọ ní títì. Àwọn tó rí mi á ní ọmọ Nàìjíríà yìí ti ya wèrè.

Mo gbé e fún Ìyá Kòlí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e fún àwọn àgbà yòókù. Ìlàjì igi, ṣé ó lè dá odindi ènìyàn padà? Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ni ohùn Túkù bá jáde lábẹ́ máńgòrò. Ó ní, "Ìkòkò, bá mi bi àwọn àgbà. Ṣé ìlàjì mi kò sàn fún opó yìí ju kí n má sí lọ?"

Ìyá Kòlí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò ní eyín lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó ní, "Lọ mọ ọ́n."

Mo fọ́ gíga tí mo kọ́. Mo sọ ẹnu-ọ̀nà kalẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ igi ti kúrú, kò lè kan ògiri méjèèjì mọ́. Mo ní láti mọ ògiri wọnú, ẹnu-ọ̀nà di tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ṣe tán. Túkù dìde, ó tẹrí ba, ó fẹ́ wọlé. Ikùn rẹ̀ há! Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ni Mánì bá dìde láti abẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í nídìí, ó pariwo, "Túkù! Túkù, fa ikùn rẹ mọ́nú!"

Ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́? Ó pe orúkọ rẹ̀… Túkù bọ́ sínú ilé gbì, ó ń rẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún, ó ní, "Mo ti padà o! Mo padà, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni n ó máa fi wà láàyè."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wa fi ń wọ ilé yẹn, pẹ̀lú orí títẹ̀. Wọn kò bú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún gorí ọdún. Mo fẹ́ ìyá àgbà yín, a kó wá sí Treichville níbí. Ọjọ́ kan, Mánì ránṣẹ́ sí mi. Mo dé, Túkù dùbúlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, kò so ó sẹ́yìn ọrùn mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ kí n tó kí i. Ó ní, "Ọmọ gíga. Bí mo bá kú, ìwọ ni kí o gbé e sókè." Mo ní, "Èmi? Èmi tó ṣe yín báyẹn?" Ó ní, "Àwọn ọmọ mi kò ṣe é rí. Ọwọ́ rẹ ti mọ ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, má kánjú."

Mi ò kánjú. Bíríkì kan, mo dúró. Bíríkì kan, mo dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gbé Túkù jáde lóòró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gba ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba, láìfẹ̀gbẹ́. Mánì rọra sọ pé, "Jẹ́ kó nàró. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tó."

Ilé alájà pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó lọ Yopougon lọ, ẹni tó lọ Bingerville lọ. Iná náà ti túká. Kí Mánì tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀, ó gbé ìlàjì igi yẹn fún mi. Mo ní igi ìdílé yín ni. Ó ní, "Gbé e lọ. Nínú gbogbo orí tó wà lára rẹ̀, tìrẹ ló kàn án jù."

Ìwé kíkà, irùngbọ̀n mi ti funfun kí n tó kọ́ ọ, lára àpò ìrẹsì àti ara gbàkà, ọkọ̀ akérò wa, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo wá Dòrókó nínú gbogbo ìwé tó kàn mí lọ́wọ́. Mi ò rí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Ràmá tan fóònù.

Ràmá, ní kí bíríkìlà dìde, kó wá wo òkè ẹnu-ọ̀nà yìí. Kó fi ọwọ́ kàn án lábẹ́. Ó ń dán, àbí? Dúdú yẹn, Túkù ni. Mánì ni. Ìyá Kòlí ni. Ìyá àgbà yín ni. Ẹ̀yin náà ni, láti ìgbà tí ẹ ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí orí yín fi ń kàn án. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu-ọ̀nà yìí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ fi ní àga ńlá ò lè gba ibẹ̀, igi yẹn ló wọ̀n ọ́n.

Mùsùlùmí ni mí. Bí wọ́n ti ń tẹ́ Mùsùlùmí ni kí ẹ tẹ́ mi, mi ò bá Lèmọ́ọ̀mù jà. Mi ò ní kí ẹ gbé mi lóòró. Ẹnu-ọ̀nà yìí nìkan ni mo ń sọ. Mo ti ní bí ẹ bá ṣì fẹ́ fọ́ ọ, ẹ fọ́ ọ. Mo sì dúró lórí rẹ̀.

Kí lo wí, Ràmá? O ní kí bíríkìlà máa lọ? Kò gbọ́ Yorùbá tó o sọ yẹn, sọ ọ́ fún un ní Faransé. Ẹn-ẹ́n. Kó máa lọ, kó má bínú, kó jẹun kó tó lọ.

Ràmá, ìwọ dúró. Jókòó síbí ná, kí ojú ṣe déédéé ojú. Lọ́jọ́ tó bá yá, má pe bíríkìlà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé ẹnu-ọ̀nà yìí sókè. Àwọn yòókù ò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ ti mọ ọ̀nà.

Fún mi lápá, kí n dìde. Ó yá. Tẹrí ba… fẹ̀gbẹ́… rọra. Ká wọlé.